Àgbo Ẹlẹ́rìndòdò

Ọ̀rọ̀ ohun mímu ni mo bá wá lónìí, ìbéèrè kan ni ó sì bí i.

Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí mo ń kọ́ ní Yorùbá níhìn-ín ní Philadelphia ni ó gbé ọwọ́ sókè ní ọjọ́ tí a ń kọ́ orúkọ oúnjẹ àti ohun mímu. A ti ka omi, a ti ka ẹmu, ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, ògógóró àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ó ní, "Olùkọ́, kí ni à ń pe root beer ní èdè Yorùbá?" Mo ní kí ó fún mi ní àyè kí n lọ wá a wò. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé n kò mọ ohun tí ó wà nínú root beer rárá. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo tọ́ ọ wò, ní ọdún tí mo dé Amẹ́ríkà. Bí mo ti gbé e sẹ́nu báyìí, òórùn ìpara tí ìyá mi fi ń ra mí láyà nígbà tí mo bá ń wúkọ́ ni ó ta sí mi nímú. Mo rọra gbé agolo náà sílẹ̀, n kò sì padà sídìí rẹ̀ mọ́.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Èmi kò tí ì wo ilé ohun mímu yìí. Báwo ni n ó ṣe wá sọ ọ́ lórúkọ?

Ìyá àgbàlagbà kan ni ó ń gbé ilé tí ó tẹ̀ lé tèmi. Òyìnbó ni, ó sì ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Orúkọ rẹ̀ gan-an ni gbogbo ará àdúgbò ń pè é, tọmọdé tàgbà, ṣùgbọ́n ẹnu tèmi kò gbà á. Màmá ni mo ń pè é láti ọjọ́ tí mo ti kó dé, ó sì ń dáhùn. Nígbà tí mo bi í léèrè bóyá ó mọ ohun tí wọ́n fi ń ṣe root beer, ó wò mí bí ẹni tí a bi bóyá ó mọ orúkọ ìyá rẹ̀. Ó ní èyí tí wọ́n ń tà nínú agolo, àwòrán rẹ̀ lásán ni. Ó ní ìyá òun a máa wa egbò igi lóko, a máa fọ̀ ọ́, a máa gé e wẹ́wẹ́, a sì máa sè é nínú ìkòkò ńlá títí omi rẹ̀ yóò fi pọ́n.

Ẹ̀yin ará, ibi tí ó ti sọ èyí ni mo ti dákẹ́. Kí ni Yorùbá ń pe egbò igi tí a gé wẹ́wẹ́, tí a sè títí omi rẹ̀ fi pọ́n? Ṣé kì í ṣe àgbo ni?

Ìyá tí ó bí ìyá mi, alágbo ni, ní ìlú Ìbàdàn. Lábẹ́ agboorùn kan nítòsí Ọjà Ọba ni ó ń jókòó sí, ìkòkò níwájú, ìgò lẹ́gbẹ̀ẹ́, èèpo igi àti ewé nínú apẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn. Bí mo bá tẹ̀ lé e lọ sọ́jà, tí mo rí àwọn tí a jọ ń lọ sílé ìwé tí wọ́n ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ̀yìn apẹ̀rẹ̀ náà ni mo máa ń sá sí. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè mí ní ọmọ alágbo. Lójú tèmi nígbà náà, ẹni tí ó di ìgò ẹlẹ́rìndòdò mú ni ọ̀làjú, ẹni tí ó di ife àgbo mú sì ni ará oko. N kò mọ̀ pé ọmọ ìyá ni àwọn méjèèjì.

Ìlú Philadelphia yìí gan-an ni àgbo àwọn ará Amẹ́ríkà ti di ọjà ńlá. Àwọn ọmọ onílẹ̀ ti ń lo egbò igi sassafras kí òyìnbó tó dé, àwọn ìyálé ilé òyìnbó pẹ̀lú sì ti ń fi egbò àti èèpo igi pọntí fún àwọn ará ilé wọn. Apoògùn kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Charles Hires ni ó gbé e lọ sí ìpàtẹ ńlá tí wọ́n fi ṣe àjọyọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún òmìnira Amẹ́ríkà ní ọdún 1876. Ẹ má ṣe rò pé inú ìgò ni ó kọ́kọ́ ń tà á sí o. Àpò kékeré tí ó kún fún egbò, èèpo àti ewé gbígbẹ ni ó ń tà, ní sẹ́ǹtì 25. Ẹni tí ó bá rà á yóò lọ sè é nílé, yóò fi ṣúgà àti ìwúkàrà sí i, yóò sì rí gálọ́ọ̀nù 5 mu.

Kì í ṣe Hires nìkan. Apoògùn ni Charles Alderton tí ó po Dr Pepper ní ìlú Waco ní ọdún 1885. Apoògùn ni John Pemberton tí ó po Coca-Cola ní Atlanta ní ọdún 1886. Apoògùn ni Caleb Bradham tí ó po ohun tí ó di Pepsi, ní ìlú New Bern ní ọdún 1893. Ẹ tún wo orúkọ Coca-Cola dáadáa: ìlàjì ẹ̀yìn rẹ̀, obì ni. Obì wa yìí náà, tí ń lé oorun lọ lójú awakọ̀ òru, ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Gbogbo ẹlẹ́rìndòdò tí mo ń yán hànhàn fún nígbà èwe mi, ìsọ̀ lẹ́kulẹ́ja ni wọ́n ti jáde wá. Èmi ni n kò mọ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, Màmá pè mí sí ilé ìdáná rẹ̀. Ó jókòó sórí àga nítorí orúnkún ń dùn ún, ó ní òun ni yóò máa fi ẹnu ṣe é, èmi ni n ó máa fi ọwọ́ ṣe é. Ó yọ bébà kan jáde láti inú ìwé àdúrà. Ìyá rẹ̀ ni ó kọ ọ́. Bébà náà ti pọ́n, àmì omi ti ba igun kan jẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ṣì ṣeé kà. Ó ní ọmọ mẹ́ta ni òun bí, kò sí èyí tí ó béèrè fún un rí nínú wọn. Ó ní òun kò bínú sí wọn, pé òun náà kò béèrè ohun púpọ̀ lọ́wọ́ ìyá òun.

Orúkọ tí ó wà lókè bébà náà ni sassafras, a kò sì fi í sí i. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Igi ẹlẹ́wà ni: ewé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó máa ń ní lórí igi kan náà, ọ̀kan gbọọrọ lásán, ọ̀kan bí ọwọ́ tí ó na àtàǹpàkò, ọ̀kan oníka mẹ́ta. Màmá mọ̀ ọ́n láti òkèèrè. Ṣùgbọ́n òróró kan wà nínú egbò rẹ̀ tí a ń pè ní safrole. Nígbà tí àwọn onímọ̀ fi bọ́ eku, ó fún wọn ní àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn sì fi òfin lé e kúrò nínú oúnjẹ ní ọdún 1960. Màmá ní ìyá òun kò kọ́kọ́ gbà, ó ní òun ti ń mu ún láti kékeré. Nígbà tí ó yá, ó mú bírò, ó fa ìlà sórí orúkọ náà, ó sì kọ òmíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo rí ìlà náà lórí bébà. Ó wú mi lórí ju gbogbo ohun tí ó kù lọ. Ohun tí a bá jogún, a lè yẹ̀ ẹ́ wò, a sì lè tún un ṣe, síbẹ̀ kí ó ṣì jẹ́ ogún ìyá wa.

Bí a ṣe ṣe é nìyí, fún ẹni tí ó bá fẹ́ dán an wò. Omi lítà 4 ni a gbé kaná. Egbò sarsaparilla gbígbẹ, gíráàmù 30. Ata ilẹ̀ tútù tí a gé pẹlẹbẹ, gíráàmù 30. Èèpo igi birch gbígbẹ, gíráàmù 15. Ewé wintergreen gbígbẹ, ẹ̀kún ṣíbí kékeré kan péré. Òun gan-an ni ó ní òórùn ìpara tí ó lé mi sá ní ọjọ́sí, nítorí òórùn ewé náà ni ó wà nínú ọ̀pọ̀ ìpara oríkèé. Egbò licorice, ẹyọ kékeré kan. Ẹni tí ó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru kí ó yọ ọ́ kúrò pátápátá, nítorí ó máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ru sí i. A jẹ́ kí ó hó wọ́ọ́rọ́wọ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, a sọ̀ ọ́ kalẹ̀, a sì fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ. Kí ó tó tutù ni a po ṣúgà gíráàmù 400 mọ́ ọn, pẹ̀lú ṣíbí ìjẹun mẹ́ta mọ̀lásísì, ìyẹn omi ìrèké dúdú tí ó máa ń ṣẹ́ kù nígbà tí wọ́n bá ti yọ ṣúgà kúrò, àti vanilla díẹ̀.

Màmá ní kí n ti ìka bọ̀ ọ́. Bí ó bá ti lọ́wọ́ọ́wọ́ bí omi tí a fi ń wẹ ọmọ tuntun, ìgbà náà ni ìwúkàrà yóò wọ̀ ọ́, ìdá mẹ́rin ṣíbí kékeré, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí omi bá gbóná jù, ìwúkàrà yóò kú. A rò ó sínú ìgò oníke, a fi àyè ìka méjì sílẹ̀ lókè, a dé e pinpin.

Ohun ẹlẹ́mìí tíńtínní ni ìwúkàrà. Ṣúgà ni ó ń jẹ. Ohun tí ó ń tú jáde ni afẹ́fẹ́ carbon dioxide àti ọtí díẹ̀. Bí ẹnu ìgò bá ṣí sílẹ̀, afẹ́fẹ́ náà yóò bá tirẹ̀ lọ. Bí a bá dé e pa, kò rí ibi gbà, inú omi ni yóò wọ̀. Òun ni ó ń ta ni lẹ́nu, òun ni ó sì ń mú ni gùnfẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ẹmu ti mọ ọ̀rọ̀ yìí tẹ́lẹ̀. Ìwúkàrà inú ẹmu kò dúró de kí ẹnikẹ́ni rà á lọ́jà, fúnra rẹ̀ ni ó ń wá. Nítorí náà ni ẹmu tí ó dùn bí oyin láàárọ̀ ṣe máa ń pa ni ní ìrọ̀lẹ́.

Ìgò oníke ni Màmá wí, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ìdí ni pé a lè fi ọwọ́ tẹ ike wò lójoojúmọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì sí mẹ́rin, bí ó bá ti le gan-an bí bọ́ọ̀lù tí a fẹ́ atẹ́gùn sí, ó ti tó. Inú fíríìjì ni ó kàn, kí otútù lè mú ìwúkàrà sinmi. Nígbà tí mo fẹ́ dá a ṣe nílé tèmi, mo ní ike kò lẹ́wà, mo rò ó sínú ìgò gidi, mo gbé e sórí tábìlì nínú oṣù Kẹjọ tí oòrùn mú gan-an, mo sì gbàgbé rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́fà. Ní aago méjì òru ni mo gbọ́ "gbàà!" Mo rò pé ìbọn ni, mo dọ̀bálẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo tan iná, àfọ́kù ìgò wà lára ògiri, àgbo sì ń kán láti òkè àjà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí mo ròyìn fún Màmá, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọlọ́run ló yọ mí pé n kò sí nítòsí. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Ìgbà kẹta ni ó tó bọ́ sí i. Mo ṣí i, ó hó, mo mu ún. Kò dùn tó ti inú agolo, ó sì korò díẹ̀ lẹ́yìn ahọ́n. Òórùn ìpara tí mo sá fún kò lé mi mọ́, nítorí mo ti mọ ewé tí ó ti wá. Màmá tún kọ́ mi ní èkejì tí kò la iná lọ, switchel, tí àwọn àgbẹ̀ máa ń mu lóko nígbà tí wọ́n bá ń gé koríko fún ẹran ọ̀sìn nínú oòrùn: omi lítà kan, ṣíbí ìjẹun méjì ọtí kíkan tí a fi èso ápù ṣe, ṣíbí ìjẹun méjì mọ̀lásísì tàbí oyin, àti ata ilẹ̀ tí a rin. Kí ó sùn mọ́jú nínú fíríìjì, kí a sẹ́ ẹ, ó parí.

Ohun mímu tí ó korò díẹ̀ lẹ́yìn ahọ́n yìí ni ó mú mi gbé fóònù pe ìyá mi ní Ìbàdàn.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni Ìyá Àgbà máa ń kó sínú àgbo ibà?"

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Àjàní, ṣé kò sí o? Ṣé ara rẹ kò yá ni?"

"Ara mi yá, mà. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ọ́n ni."

"Ìwọ? Ìwọ tí a máa ń di mú lọ́wọ́ di mú lẹ́sẹ̀ kí o tó mu ún?" Ẹ̀rín pa á. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, mo sì ń kọ ọ́: èèpo ọ̀gánwó, ewé dóńgóyárò, ewé ìbẹ́pẹ, ewé gúrọ́fà, koríko ọba, èèpo ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ọsàn wẹ́wẹ́. Omidùn ni ó fi ń rẹ ẹ́. Mo bi í pé mélòó mélòó. Ó ní ẹ̀kúnwọ́. Mo ní ọwọ́ ta ni? Ó ní, "Ọwọ́ ìyá mi ni."

Ó wá dákẹ́. Ó ní, "Ó ku méjì. Nǹkan mẹ́sàn-án ni. Mo mọ̀ pé mẹ́sàn-án ni, torí ó máa ń kà wọ́n sókè bí ó bá ti ń kó wọn sínú ìkòkò. Ọ̀kan jẹ́ egbò, ó pupa. Orúkọ rẹ̀ wà lẹ́nu mi báyìí."

Kò jáde. Ó pè mí padà ní ọjọ́ kejì, kò tí ì rántí. Ó ní gbogbo ẹni tí òun ìbá bi ti lọ. Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀ ti papò dà láti ọdún 1994, nígbà tí mo ń múra ìdánwò, mo sì wà nílé rẹ̀ fún odindi ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ náà láìbi í ní ohunkóhun.

Èmi kò sọ pé àgbo yẹn ń wo ibà o. Ẹni tí ibà bá mú, kí ó lọ rí dókítà. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan nínú àwọn méjì tí ó sọnù jẹ́ irú sassafras, ohun tí ó yẹ kí a fa ìlà sórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí a kò kọ sílẹ̀, báwo ni a ṣe lè fa ìlà sórí rẹ̀? Àwọn ará Amẹ́ríkà kò ní egbò jù wá lọ. Bébà ni ó yà wá sọ́tọ̀: ẹnì kan jókòó, ó kọ òṣùwọ̀n rẹ̀, ó sì fi fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ rẹ̀. Tiwa ń gbé ẹnu àwọn ìyá wa, bí ìyá bá sì ti pa ẹnu dé, ó parí.

Mo padà sí kíláàsì láti dá akẹ́kọ̀ọ́ mi lóhùn. Mo gbé ìgò oníke kan lọ́wọ́, gbogbo wọn sì tọ́ ọ wò. Mo sọ fún un pé a lè pè é ní ọtí egbò. Ó ní, ṣé ọtí ni, nígbà tí kì í pa ni? Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Ní ọdún 1895, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Kristẹni tí ó ń gbógun ti ọtí líle ní Amẹ́ríkà ní kí àwọn ènìyàn má ra ti Hires mọ́, nítorí pé beer wà nínú orúkọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ kórìíra ọtí líle. Ní ti Yorùbá, ọ̀rọ̀ náà gbòòrò: a ń pe ọtí tí ń pa ni ní ọtí, a sì ń pe ẹlẹ́rìndòdò tí a ń gbé fún ọmọdé ní ọtí. Nítorí náà, ọtí egbò kò burú. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ti wo ilé tí ọmọ náà ti wá, orúkọ tí ó wù mí jù ni àgbo ẹlẹ́rìndòdò. Akẹ́kọ̀ọ́ náà kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, ó sì fi àmì ohùn sí i láìṣìnà.

Èmi náà ra ìwé kan. Ojú ewé kìíní ni mo da ohun tí ó wà lórí bébà Màmá kọ sí, pẹ̀lú ìlà tí ìyá rẹ̀ fà. Ojú ewé kejì ni mo kọ àgbo Ìyá Àgbà sí, mo sì fi nọ́ńbà sí i láti 1 dé 9. Iwájú 8 àti 9 ṣì ṣófo.

Ẹ̀yin tí ìyá àgbà yín ṣì wà láyé, ẹ pè wọ́n lálẹ́ òní. Ẹ mú bírò dání. Ó dàbọ̀ o.